Ohun Tí Adájọ́ Ní Òun Kò Gbọ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti gba tánkà wàrà lọ́wọ́ Orlin Tveit, ìjókòó kan kò gbà á mọ́. Á jókòó sídìí tábìlì, á dìde. Á lọ dúró lójú fèrèsé, á padà wá. Ardis ìyàwó rẹ̀ á gbé kọfí síwájú rẹ̀, kọfí á tutù síbẹ̀. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ wàrà tó yọ lórí òkè, Orlin á ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé.

"Jókòó," Ardis á ní. "Ọkọ̀ yẹn ò ní dúró."

"Jíà òkè ló ṣì wà tó fi ń gun òkè bọ̀! Ọmọ tí wọ́n gbé e fún yẹn á pa ẹ́ńjìnnì yẹn."

"Ẹ́ńjìnnì Zastrow ni. Jókòó, jàre."

Á jókòó. Kò ní pẹ́ tí á tún dìde.

Iṣẹ́ wàrà gbígbé nìkan ni Orlin mọ̀. Agolo ni bàbá rẹ̀ fi gbé e, òun fi tánkà gbé e, láti oko dé oko ní àfonífojì náà, títí dé ilé-iṣẹ́ wàràkàṣì Duane Zastrow lẹ́bàá odò. Ní Wisconsin níbí, ẹni tó ń gbé wàrà kì í ṣe awakọ̀ lásán. Òun ló ń wọ ilé wàrà lọ, tó ń ṣí ìdérí àmù irin ńlá tí wàrà wà, tó ń tẹ orí sí i, tó ń gbóòórùn rẹ̀ kó tó ki rọ́bà tó fi ń fà á bọ̀ ọ́. Bí àwọn màlúù bá ti jẹ àlùbọ́sà igbó, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Yóò dé e padà, yóò ní, "Kì í ṣe tòní," yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí àgbẹ̀ tó ń bá imú Orlin jiyàn, ìyẹn ló sì ń mú un gbé orí sókè láàárín àwọn tó ní ilẹ̀ àti màlúù. Òun kò ní ilẹ̀, kò ní màlúù. Ó ní imú, ó ní ọ̀nà.

Ó tún ní ọtí. Gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé níbẹ̀ nìyẹn, inú rere ni wọ́n sì ń pè é. Bí wọ́n bá bá ọkọ̀ Orlin nínú kòtò, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á lọ gbé tírákítọ̀, á fà á jáde, á sì bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò. Bó bá sùn lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. "Ó rẹ Orlin." Gbólóhùn náà ti gbó débi pé àwọn ọmọdé ń fi dápàárá nílé ẹ̀kọ́. Ardis náà ń sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi mọ̀ mọ́ bóyá irọ́ ni.

Ọ̀sán Sátidé kan ní ìparí oṣù Mááṣì ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ilé ọtí tó wà ní oríta ń ta tẹ́tẹ́ ẹran, tí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde á gba ẹran lọ sílé, kí wọ́n lè fi rí owó fún àwọn panápaná abúlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà òtútù. Orlin fi tẹ́tẹ́ náà gba itan ẹlẹ́dẹ̀ kan. Àwọn tó jókòó yí i ká ra buràńdì fún un nítorí oríire rẹ̀, òun náà sì ra tiwọn. Nígbà tó jáde, kò darí sílé tààrà. Ó yà sí oko Palmer Haugen láti gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ náà fún un, nítorí pé Inga aya Palmer kú lọ́dún tó kọjá, baba arúgbó náà sì ń dá oúnjẹ jẹ. Ohun rere tí Orlin ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, n kò sì ní fi dù ú. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, kò tíì rìn jìnnà lójú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tí iná ọlọ́pàá fi tàn lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọtí nínú èémí gbé jáde ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà lọ.

Bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, wọn yóò gba ìwé tó fi ń wa ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó pàdánù tánkà fún ọdún kan, kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún un. Zastrow kò fi pamọ́. "Bí ilé-ẹjọ́ bá tú ọ sílẹ̀, tánkà di tìrẹ padà," ó ní. "Bí wọn ò bá tú ọ sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á máa wà á lọ." Láti ọjọ́ náà ni Orlin ti ń rìn yíká ilé.

Bettina Rusk ni lọ́yà rẹ̀, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tó sì máa ń jẹ súwíìtì dípò sìgá.

"A ò ní bá wọn jiyàn lórí ọtí rárá," ó ní. "Ìdí tí ọlọ́pàá fi dá yín dúró nìkan la máa bá wọn fà. Bí kò bá ní ìdí tó bófin mu, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e ti bàjẹ́ nìyẹn. Òórùn tó gbọ́, nọ́ńbà ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ, adájọ́ á da gbogbo ẹ̀ nù. Ìjọba ò sì ní ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́."

"Ṣé kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo mu?"

"Kò sẹ́ni tó máa bi yín."

Lọ́jọ́ náà nìkan ni Orlin jókòó mu kọfí rẹ̀ tán.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Ardis wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orlin kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó fi wọ́n sórí tábìlì, ó fi wọ́n sábẹ́ tábìlì, ó fi wọ́n di orúnkún mú. Zastrow wọlé wá jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú bàtà rọ́bà ilé-iṣẹ́ rẹ̀, òórùn wàrà kíkan sì bá a wọlé.

Nolan Pruitt, ọlọ́pàá tó mú un, gun orí àpótí ẹlẹ́rìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há a sórí. Fenske, agbẹjọ́rò ìjọba, ló kọ́kọ́ bi í léèrè.

"Kí ló mú yín dá ọkọ̀ náà dúró?"

"Ó ń rìn ní apá òsì àárín ọ̀nà, sà. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó hàn sí mi pé apá awakọ̀ náà ò ká ọkọ̀ mọ́."

Rusk dìde. Ó ti gbé súwíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, níbo lẹ ti wá bá wa?"

"Milwaukee."

"Ọ̀nà olókùúta mélòó ló wà ní Milwaukee?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Pruitt kò rẹ́rìn-ín.

"Kò sí, mà."

Wọ́n gbé fídíò tí kámẹ́rà inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ká sójú ògiri. Píkọ́ọ̀pù Orlin ń lọ níwájú, ọ̀nà ń sá wọ abẹ́ àwòrán. Rusk ní kí wọ́n dá a dúró.

"Ẹ fi ìlà àárín ọ̀nà hàn mí."

"Kò sí ìlà, mà. Mo fojú díwọ̀n ẹ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé lọ́dọ̀ wa kọjá oṣù Mááṣì kan mọ ohun tó wà nínú àwòrán náà. Nígbà tí yìnyín inú ilẹ̀ bá ń yọ́, etí ọ̀nà á rọ̀ bí ògì, ipasẹ̀ táyà méjì ló sì máa ń kù láàárín tó ṣe é gbé ọkọ̀ lé. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń gbà, láti orí pásítọ̀ dé orí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn á yà sápá ọ̀tún bó bá ń gun òkè tí kò rí iwájú, tàbí bí ẹlòmíràn bá ń bọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ni. Ọmọ tó bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," Marcella Dvorak, adájọ́, sọ. Ó dìde, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ọ̀rùn rẹ̀ nípọn bíi tàwọn tó fi ìgbà ọmọdé ru koríko. "Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, inú ọkọ̀ yín ni kámẹ́rà yìí wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láàárín gíláàsì iwájú gan-an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nígbà náà ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọkọ̀ méjì ni mo rí tó wà láàárín ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Tveit ló ń wa ti iwájú. Ta ló ń wa tẹ̀yìn?"

Pruitt wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ẹ ti mu nǹkan kan ni?"

"Rárá o, mà!"

"Kí lẹ wá ń wá láàárín ọ̀nà?"

Etí Pruitt pọ́n. "Etí ọ̀nà... ó rọ̀, mà."

Ẹ̀rín bú, adájọ́ sì padà sórí àga rẹ̀. Orlin náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú wo ẹ̀yìn láti rí i bóyá Zastrow ń rẹ́rìn-ín. Zastrow ń rẹ́rìn-ín.

Níbẹ̀ ni ó yẹ kí Rusk jókòó sí. Ẹjọ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pe ẹlẹ́rìí kan sílẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ ilẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ bí ìjọba bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó pe Palmer Haugen.

Baba náà ṣí fìlà. Iwájú orí rẹ̀ funfun, ìyókù ojú rẹ̀ pupa bíi ti gbogbo àgbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó búra pé òótọ́, gbogbo òótọ́, ni òun yóò sọ. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni Haugen," Rusk ní, "báwo lẹ ṣe ń wakọ̀ lọ́nà yẹn lóṣù Mááṣì?"

"Láàárín. Ẹni tó bá gba etí, èmi ló máa wá jí lójú oorun pé kí n gbé tírákítọ̀ wá."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Rusk jókòó. Fenske, tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, dìde láìwo ibì kan.

"Ẹ̀yin náà rí Ọ̀gbẹ́ni Tveit lọ́jọ́ náà, kí ọlọ́pàá tó rí i, àbí?"

"Mo takò ó!" Rusk ti dìde. "Ohun tí ọlọ́pàá mọ̀ la wá yẹ̀ wò. Ohun tí bàbá yìí mọ̀ kọ́."

"Òótọ́ lẹ sọ," adájọ́ ní. "Ọ̀gbẹ́ni Haugen, ẹ má dáhùn ìyẹn."

Palmer wo adájọ́. "Ẹ ní kí n búra pé màá sọ gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ohun tí ilé-ẹjọ́ bá gbà kí wọ́n bi yín."

"Ìyẹn kọ́ lẹ ní kí n sọ nígbà tí mo gbọ́wọ́ sókè." Kò pariwo. "Ó wá sílé mi. Kò rí ọwọ́ ilẹ̀kùn dì mú. Mo ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí n gbé e lọ bá Ardis. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà yẹn làwọn ọmọ-ọmọ mi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé."

Adájọ́ gbá tábìlì. "Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú àkọsílẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ."

Orlin ti dìde láìmọ̀. Rusk fà á lẹ́wù, ó jókòó.

Kò pẹ́ tí adájọ́ fi sọ èrò rẹ̀. Ọlọ́pàá kò rí ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe. Kò ní ìdí tó bófin mu láti dá ọkọ̀ náà dúró. Nítorí náà, ohun gbogbo tó rí gbà lẹ́yìn náà kò lè wọ inú ẹjọ́. Fenske pa fáìlì rẹ̀ dé, ó ní ìjọba kò bá ẹjọ́ lọ mọ́. Kí adájọ́ tó dìde, ó wo Orlin.

"Ọ̀gbẹ́ni Tveit, mi ò sọ pé ẹ ò mu o. Mi ò sọ nǹkan kan nípa yín rárá. Ìwà ọlọ́pàá ni mo dájọ́ lé. Ṣé ìyàtọ̀ yẹn yé yín?"

"Ó yé mi, mà," Orlin ní. Kò yé e. Tánkà ló ń rò.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Zastrow ti dúró dè é. Palmer wà lẹ́bàá ògiri, ó ń bá ẹnu síìpù kóòtù rẹ̀ jà. Ìka rẹ̀ kò le mọ́. Ilé-ẹjọ́ kékeré ni. Kò sí ibòmíràn tí ènìyàn lè gbà jáde.

"Orlin."

"Duane. Ṣé o rí ọmọ Milwaukee yẹn? 'Etí ọ̀nà ó rọ̀, mà!' Ká ní mo—"

"Adájọ́ ní òun ò gbọ́," Zastrow ní. "Èmi gbọ́. Èmi kì í ṣe adájọ́, mi ò lè yọ nǹkan kúrò létí mi. Ìbéèrè kan péré ni. Ohun tí Palmer sọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Palmer dáwọ́ síìpù dúró.

Orlin wo ilẹ̀, ó wo bàtà rọ́bà Zastrow, ó wo ilẹ̀kùn. Kò gbà á tó àkókò tí ènìyàn fi ń wúkọ́.

"Palmer ti dàgbà, Duane. O mọ̀ bó ṣe rí látìgbà tí Inga ti kú. Kì í mọ ọjọ́ mọ́. Ọjọ́ mìíràn ló ń rò."

Zastrow yíjú. "Ardis?"

Ardis ń wo báàgì ọwọ́ rẹ̀. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

"Ọjọ́ tó gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ wá ni," Palmer ní. Zastrow kọ́ ló bá sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe Orlin. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ fún. "Ó ṣì wà nínú fírísà mi." Ó dé fìlà, ó fi kóòtù sílẹ̀ láìfà á pa, ó jáde.

Zastrow mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wọ́n tàn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé wàrà tó ń rùn bí àlùbọ́sà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sọ odindi ìkòkò wàràkàṣì di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ó nílò imú. Wọ́n gbé irọ́ kan síwájú rẹ̀ tó bá ohun tó nílò mu, ó sì gbà á, bí ènìyàn ṣe ń gba ẹrù tó béèrè fún.

"Ó dáa," ó ní. "Láàárọ̀ ọ̀la."

Nínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Orlin kò dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa táyà, nípa rọ́bà tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀, nípa ohun tí ọmọ yẹn á ti fi jíà ṣe. Ardis ló ń wakọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun orí tánkà. Ní oko àkọ́kọ́ wọ́n juwọ́ sí i. Ní èkejì, obìnrin kan gbé àkàrà òyìnbó fún un láti ojú fèrèsé. "Ẹ káàbọ̀ o, Orlin! Ẹ̀yin la mọ̀!" Kò sí ẹni tó dárúkọ ilé-ẹjọ́. Síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń wo dígí ẹ̀yìn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó yà wọ àgbàlá Palmer. Ilẹ̀kùn ilé wàrà ṣí sílẹ̀. Ó fa rọ́bà sọ̀kalẹ̀, ó wọlé, ó dúró.

Palmer ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ àmù irin. Wàrà ń tú jáde funfun sórí sìmẹ́ńtì, ó ń yí lọ sínú ihò ìdọ̀tí.

"Palmer! Kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Mo ń da wàrà nù."

"Wàrà yẹn ò ní nǹkan kan! Mò ń gbóòórùn ẹ̀ látibí."

"Mo mọ̀ pé kò ní nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti nǹkan yẹn pa. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn."

"Ilé-iṣẹ́ wàrà kan ní Minnesota á bẹ̀rẹ̀ sí gbé tèmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Kó tó dìgbà náà, ibi tó ń lọ yìí ló máa lọ."

Orlin gbé rọ́bà láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ìró wàrà náà gba gbogbo yàrá. Màlúù kan ké lẹ́yìn ògiri.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ, Palmer? Ẹ sọ ọ́, màá sọ ọ́. Màá lọ bá Duane nísinsìnyí."

Palmer mú ìgbálẹ̀ ìfọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti wàrà tó ti dúró sójú kan lọ síhà ihò.

"Tí n bá lọ bá a, ṣé ẹ máa tì í pa?"

Baba náà ń ti wàrà lọ. Orlin dúró kó lè gbọ́ ìdáhùn. Lóde, ẹ́ńjìnnì tánkà ṣì ń ṣiṣẹ́, wàrà oko méjì sì wà nínú rẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lójú oòrùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta, ó tún gbé e padà wọlé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ohun tó ń tú jáde fi ń kán tótó, tí kíkán náà sì dá. Lẹ́yìn náà ó ká rọ́bà gbígbẹ náà jọ, ó gbé e padà sídìí tánkà, ó sì wakọ̀ lọ sí oko tó kàn.